Corolla tàbí Camry Big Daddy: èwo ni kí ará Àkúrẹ́ fi owó rẹ̀ rà?

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ kì í sábà béèrè mọ́ pé ṣé Toyota ni kí òun rà àbí Honda. Ó ti parí ìyẹn nílé. Toyota ló fẹ́, torí pé mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà láti Ọ̀bà-Ilé títí dé gáréèjì Iléṣà. Ohun tó kù tí ń dà á láàmú ni pé ṣé Corolla ọdún 2003 sí 2008 ni kó mú, àbí Camry ọdún 2002 sí 2006, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Big Daddy.

Ọ̀rọ̀ náà le nítorí pé owó àwọn méjèèjì kò jìnnà síra. Camry ló tóbi, òun ló lágbára, òun náà ló wọ́n jù nígbà tí wọ́n jọ jáde ní tuntun. Síbẹ̀, ẹ lè dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, kí ẹ bá Camry 2004 tó mọ́ tónítóní tí owó rẹ̀ kò ju ti Corolla ọdún kan náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà míì, ó tún máa ń dín díẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí á rò pé òun ti pàdé oríire. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti abẹ́ 200 náírà sí nǹkan bí 500 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sá fún ẹ́ńjìnnì ńlá. Corolla ni wọ́n ń lé kiri, owó Corolla sì kọ̀, kò wálẹ̀. Camry ní tirẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa bọ́ ọ.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, Corolla ni kó rà. Camry ní àwọn tó yẹ, n óò sì sọ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó àwọn tó ń rà á.

Ẹ́ńjìnnì àti ohun tó ń mu

Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ yìí ti wá, nítorí náà àwọn tibẹ̀ ni mò ń bá wí. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ló wà nínú Corolla, èyí tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí 1ZZ, agbára rẹ̀ sì tó ẹṣin 130. Camry oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin ní lítà 2.4, wọ́n ń pè é ní 2AZ, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 157. Camry V6, ìyẹn oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, náà wà, lítà 3.0, àwọn kan tí wọ́n ń pè ní SE láti 2004 sì ní 3.3.

Ní ti epo, ìwọ̀n tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún ìrìn ìgboro àti ìrìn ọ̀nà jíjìn pa pọ̀ fi hàn pé Corolla ń mu lítà 8 àti díẹ̀ lórí kìlómítà 100. Camry 2.4 ń mu nǹkan bíi lítà 10. V6 ń kọjá 11. Ọkọ̀ tuntun tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n fi wọn ìyẹn. Ọkọ̀ tó ti lò ju ogún ọdún lọ, tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti Ọjà Ọba lọ sí Arákalẹ̀ lásìkò tí àwọn ọmọléèwé ń jáde, tí AC sì ń ṣiṣẹ́, yóò mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo àárín wọn kò ní dín kù, ó ṣeé ṣe kó tún fẹ̀ sí i, nítorí inú sún-kẹẹrẹ ni ọkọ̀ tó wúwo ti ń jẹun jù. Camry oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin fi bíi kílò 250 wúwo ju Corolla lọ. Ìyẹn jọ àgbàlagbà mẹ́ta tí kì í bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń wa kìlómítà 1,500 lóṣù, tí ìyàtọ̀ sì jẹ́ lítà 2 lórí 100 kọ̀ọ̀kan, lítà 30 nìyẹn. Bí lítà bá jẹ́ 900 náírà, 27,000 náírà ni lóṣù, 324,000 náírà lọ́dún. Owó yẹn ra táyà, ó ra bátìrì, ó tún san owó iṣẹ́ mẹkáníìkì. Táǹkì Corolla ń gba lítà 50, ti Camry ń gba 70. Àwọn tó ń ra epo 5,000, 5,000 náírà kò ní mọ èyí lára, àfi nígbà tí iná epo bá tún tàn kí wọ́n tó délé.

V6 ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Dídùn rẹ̀ kò láfiwé, bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ẹ óò mọ̀ pé ẹ wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì táímìnì ló ń lò, kì í ṣe ṣéènì bíi ti 1.8 àti 2.4. Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn ní máìlì 90,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 145,000. Ẹni tó ń tà á fún yín kò ní lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, bó bá sì sọ ọ́, ẹ̀rí dà?

Àìsàn tí ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan jà

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí pé ẹ́ńjìnnì kan lè ba gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Camry 2.4 ní ààrùn kan tí gbogbo àgbáyé mọ̀ ọ́n sí. Alumíníọ́mù ni búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Bó bá pẹ́, ihò tí wọ́n de àwọn bóòtù orí ẹ́ńjìnnì mọ́, pàápàá àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn níhà ibi tí a ń jókòó sí, máa ń jẹ. Bóòtù náà kò ní di nǹkan mú mọ́. Orí ẹ́ńjìnnì á gbé díẹ̀, omi á máa jò níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ yóò sọ fún yín pé gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó. Yóò pààrọ̀ rẹ̀, yóò gba owó, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó tún ti dé. Kò sí bí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ṣe lè ràn án lọ́wọ́ nígbà tí bóòtù kò rí ibi dì mú. Àtúnṣe tòótọ́ ni kí wọ́n gbẹ́ ihò náà, kí wọ́n fi irin tuntun sí i kí bóòtù lè tún rí ojú dè mọ́, iṣẹ́ oníṣẹ́-irin nìyẹn, kì í ṣe gbogbo ọgbà mẹkáníìkì ló ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú wa ló kàn ń ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́ljíọ̀mù míì, ìyẹn àlòkù tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, tí wọ́n sì tún ń gbé irú ààrùn kan náà wálé.

Ẹ wá ro ohun tí a ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì níhìn-ín. Omi kànga ni wọ́n ń bù sí rédíétọ̀ dípò kúláǹtì. Wọ́n á yọ tẹ́mósítátì jù nù pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Omi lásán ń jẹ alumíníọ́mù, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tẹ́mósítátì sì máa ń pẹ́ kó tó gbóná dé ibi tó yẹ, á wá máa mu epo lápọ̀jù. Corolla náà ń jìyà èyí, alumíníọ́mù ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n Camry ni ìgbóná kan lè sọ di ọ̀rọ̀ bóòtù.

Ní ti Corolla, wàhálà 1ZZ ni ọ́ọ̀lì mímu. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 2003 ló burú jù, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe píṣítìnì àti ríìngì wọn. Toyota tún un ṣe nígbà tó yá, síbẹ̀ ẹ lè bá 2003 tàbí 2004 tó ń jẹ ọ́ọ̀lì. Ọkọ̀ tó ń mu ọ́ọ̀lì kì í pa ènìyàn lápò lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ óò máa dà á kún un ni. Ewu rẹ̀ ni ti ẹni tí kì í yẹ ọ́ọ̀lì wò, tó wa ọkọ̀ lọ sí Èkó tó sì dé Òrè pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì gbígbẹ. Ohun kejì ni ọ́ọ̀lì tó máa ń jò jáde létí ohun tó ń fa ṣéènì táímìnì le. Rọ́bà róbótó kékeré kan ló máa ń gbó níbẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ bá rí ọ́ọ̀lì níbẹ̀, ẹ fi dú owó ọkọ̀ wálẹ̀.

Corolla 2005 sí 2008 tún ní ti kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Ní August 2010, Toyota pe iye tó lé ní mílíọ̀nù kan Corolla àti Matrix ọdún wọ̀nyẹn padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, torí pé kọ̀ǹpútà náà lè mú kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀nà tàbí kó má tàn rárá. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé "ó máa ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, plọ́ọ̀gì ni," ẹ rántí èyí.

Airbag Corolla, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ níbi ìtajà

N kò lè gbé Corolla ga kí n má sọ àléébù rẹ̀ tó burú jù. Airbag tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe ló wà nínú àwọn Corolla yìí níhà ibi tí èrò iwájú ń jókòó. Kẹ́míkà tó ń fẹ́ báàgì náà máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin fún ọdún púpọ̀. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, dípò kó fẹ́ báàgì jẹ́jẹ́, ó lè bú gbàmù kó sì máa fọ́n irin wẹ́wẹ́ sí èèyàn lára. Ní January 2024, Toyota sọ fún àwọn tó ní Corolla àti Matrix 2003 sí 2004, àti RAV4 2004 sí 2005 kan ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má tilẹ̀ wà á mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin wá ńkọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá?

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ẹ mú nọ́ńbà ṣásí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ojú ọ̀nà níbẹ̀, ẹ óò rí i bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀fẹ́ ni, lórí fóònù yín ni. Bí ó bá fi hàn pé wọn ò tíì ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí ẹni tó mọ iṣẹ́ airbag yóò fi bá yín yanjú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rewáyà àdúgbò. Èmi ò ní ra 2003 tàbí 2004 tí nọ́ńbà rẹ̀ bá fi hàn pé kò tíì ṣe, àfi bí owó rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ gan-an.

Inú ọkọ̀, ọ̀nà àti ẹrù

Níbí ni Camry ti gbẹ̀san. Ó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 27 gùn ju Corolla lọ, àyè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì hàn kedere. Àgbàlagbà mẹ́ta á jókòó sẹ́yìn Camry láti Àkúrẹ́ dé Abúja láìbínú síra wọn. Ní ẹ̀yìn Corolla, ẹni àárín á ti máa wo aago kí wọ́n tó dé Ìkàrẹ́. Bí ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì bá wé gèlè fún òde Sátidé, ẹ óò mọ bí àjà Corolla ṣe rí. Búùtù Camry gba nǹkan bíi lítà 470, ti Corolla kò tó 390.

Àwọn tó ń ra kòkó ní Ìdànrè máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá búùtù Camry lè gba àpò mélòó. Ẹ̀yin ará, àpò kòkó kan ju kílò 60 lọ. Ọkọ̀ kékeré kò sí fún ìyẹn, yálà Camry tàbí Corolla. Bí ẹ bá ti ń di àpò mẹ́ta, mẹ́rin sẹ́yìn tí ẹ sì ń gun òkè, sípíríǹgì ẹ̀yìn á rọ̀, imú ọkọ̀ á máa wo ojú ọ̀run. Ẹ wá ọkọ̀ akẹ́rù.

Lójú ọ̀nà jíjìn, Camry dúró lórí ilẹ̀ dáadáa. Ìwúwo tó ń jẹ epo nígboro ni ó ń ràn án lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Bìní sí Òrè, kì í fò kiri nígbà tí tírélà bá kọjá. Corolla máa ń mi èèyàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan kòtò, ẹ̀yìn Corolla rọrùn láti tọ́jú: irin kan ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, búṣì rẹ̀ kò pọ̀. Ti Camry, táyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí apá irin tirẹ̀, búṣì sì pọ̀ lára wọn. Búṣì tó bá pọ̀ ló máa ń ké gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ́nà tí kò dára, ẹ óò sì rán mẹkáníìkì sí ọjà ju bó ṣe yẹ lọ.

Táyà Corolla máa ń jẹ́ 185/65 R15 tàbí 195/65 R15. Camry ń lo 205/65 R15, àwọn kan 215/60 R16. Èyí tó tóbi ló wọ́n, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé. Ní ti ẹ̀yà ara yòókù, méjèèjì pọ̀ ní ọjà. Ẹ́ńjìnnì Corolla ló wà nínú Matrix, ti Camry ló wà nínú RAV4 àti Solara kan, nítorí náà ti Bẹ́ljíọ̀mù kò ní wọ́n yín.

Ọdún wo?

Bí ó bá jẹ́ Corolla, mo fẹ́ràn 2006 sí 2008 ju 2003 lọ, nítorí ti ọ́ọ̀lì tí mo sọ. Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ dán an wò dáadáa, ẹ́ńjìnnì lè kú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ Camry, 2005 àti 2006 ní gíà márùn-ún dípò mẹ́rin, ìyẹn ń dín epo kù díẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn, ojú wọn náà sì tún mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ojú mímọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fura sí. Àwọn kan máa ń ra iná àti bọ́ńpà 2006, wọ́n á fi sára 2003, wọ́n á sì tà á bíi 2006. Nọ́ńbà ṣásí kò ní purọ́ fún yín. Mẹ́tàdínlógún ni, ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá: 3 ni 2003, 4 ni 2004, bẹ́ẹ̀ títí dé 8 tó jẹ́ 2008. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1 jẹ́ Camry tí wọ́n tò ní Kentucky. 1NX jẹ́ Corolla California, 2T1 jẹ́ Corolla Kánádà, J ni ti Japan. Ẹ wò ó lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ wò ó lára ilẹ̀kùn, ẹ wò ó nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ kí olùtajà pé ó dàbọ̀.

Ohun kan tún wà tí ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Máìlì ni mítà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà. Ọkọ̀ tó kọ 150,000 ti rin kìlómítà 240,000. Ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún tó wá kọ 90,000 pẹ̀lú rọ́bà bírékì tó ti jẹ pátápátá, wọ́n ti dá mítà yẹn padà, àbí kabúkabú ni wọ́n fi ṣe. Tòkunbọ̀ gidi nínú àwọn ọdún yìí ti ṣọ̀wọ́n báyìí. Èyí tí wọ́n ti lò nílùú wa ni ẹ óò máa rí, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "tòkunbọ̀ ni" gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ta ni Camry yẹ?

Ó yẹ ẹni tó ní ìdílé ńlá, tó ń rin ìrìn àjò jíjìn lóṣooṣù, tó sì ní mẹkáníìkì tó lè sọ fún un ní pàtó bí wọ́n ṣe ń tún bóòtù 2AZ ṣe. Ó yẹ ẹni tí ọ́fíìsì ń san owó epo fún. Ó yẹ ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré kan tẹ́lẹ̀ fún ìgboro. Olùkọ́ tó ń gbé Ọ̀bà-Ilé tó ń lọ sí FUTA lójoojúmọ́, oníṣòwò tó ń ti Ìjàpọ̀ lọ sí Ọjà Ọba, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká: Corolla.

Bí ẹ bá ti yan èyí tí ẹ fẹ́, ẹ yẹ ọ́ọ̀lì gíà wò kí ẹ tó sanwó. Ọ́ọ̀lì gíà tí wọ́n ń pè ní T-IV ni Toyota kọ fún Corolla yìí àti fún Camry 2002 sí 2004. Fún ti 2005 àti 2006, ẹ ka ohun tó wà lára ọ̀pá ìwọ̀n tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, gíà yẹn ti sún mọ́ òpin rẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì: iná ẹ́ńjìnnì àti iná airbag gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù wọn.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ sì sọ fún olùtajà lálẹ́ àná pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tútù ló ń sọ òótọ́: èéfín búlúù, ariwo ṣéènì, rédíétọ̀ tí omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Fún Camry, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níhà inú ọkọ̀, ẹ wá àmì omi gbígbẹ funfun tàbí pupa. Bí ẹ bá dé, tí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó sì ti gbóná, ẹ sọ fún wọn pé ẹ óò padà wá lọ́la.